Wọ́n ní AI ló kọ àròkọ mi, èmi ni mo kọ ọ́ o! Kí ni kí n ṣe?

Onígègé22

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti fẹ́ dàrú. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo fi àròkọ kan ránṣẹ́ sí lẹ́kọ́rà wa, ó lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣe é, ojú mi pọ́n kankan lórí ẹ̀. Àfi bí ímeèlì ṣe wọlé láná, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò sọ pé ìdá 78 nínú 100 ohun tí mo kọ, AI ló kọ ọ́, kí n wá ṣàlàyé ara mi níwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Mo ka ímeèlì yẹn tó ìgbà mẹ́fà, ara mi ń gbọ̀n, mi ò lè jẹun.

Èmi ni mo kọ ọ́! Mo ka ìwé, mo wá jọ́nà kiri, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Wọ́n wá ní AI. Ẹ̀rọ ló ń fẹjọ́ ẹ̀rọ sùn, èmi ni wọ́n ní kí n wá jẹ́jọ́.

Èyí tó tún wá dùn mí dé egungun ni pé ẹnì kan wà ní kíláàsì wa tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í kọ nǹkan kan fúnra ẹ̀. ChatGPT, AI tó ń kọ nǹkan fún èèyàn, ló ń bá a ṣe é látòkèdélẹ̀, á wá gbé e gba inú sáìtì kan tó ń yí ọ̀rọ̀ padà kó lè dà bíi pé èèyàn ló kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó mú un o. Máàkì ẹ̀ ju tèmi lọ pàápàá.

Kí ni kí n kó dání lọ? Kí ni kí n sọ? Àbí kí n kúkú bẹ̀ wọ́n kó lè tètè tán nílẹ̀?

---

Tíṣà_tó_ti_rẹ̀

Má bẹ ẹnikẹ́ni o. Olùkọ́ ni mí, mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó bá ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó bi í léèrè, ohun tí etí àwọn tó jókòó máa gbọ́ ni pé "mo ṣe é". Àbúrò, fara balẹ̀.

Nọ́ńbà 78 yẹn kì í ṣe ẹ̀rí, àfojúbù lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wo OpenAI fúnra wọn, àwọn tó gbé ChatGPT jáde ní November 2022. Ní January 2023 wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó máa dá iṣẹ́ AI mọ̀ yàtọ̀ sí ti èèyàn. Nínú ìdánwò tí àwọn gan-an fi yẹ̀ ẹ́ wò, ìdá 26 péré nínú 100 iṣẹ́ AI ló rí mú, ó sì nàka èké sí iṣẹ́ èèyàn ní ìdá 9 nínú 100. Nígbà tó di July ọdún yẹn náà wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, wọ́n ní kò péye tó. Ẹni tó bímọ ò dá ọmọ ẹ̀ mọ̀ láàárín èrò, ta ló wá fẹ́ bá a dá a mọ̀?

Turnitin, àwọn tí iléèwé ń lo ẹ̀rọ wọn láti yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, náà gbé tiwọn dé ní April 2023, wọ́n ní àṣìṣe tó máa kan iṣẹ́ èèyàn kò tó ìdá kan nínú 100. Ìdá kan kéré létí àbí? Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà jókòó, wọ́n ṣírò ẹ̀. Iṣẹ́ 75,000 ló gba inú Turnitin lọ́dọ̀ wọn ní 2022, tí ìdá kan bá ṣìnà nínú ẹ̀, ìyẹn jẹ́ bíi 750, kó sì jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ni wọ́n. August 2023 ni wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn lọ́dọ̀ tiwọn. Mi ò sọ pé kó o lọ máa jan tábìlì mọ́ ìgbìmọ̀ lórí tìyẹn o, ṣùgbọ́n o lè fi pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé yàtọ̀ sí nọ́ńbà yìí, kí ni wọ́n tún rí.

Ohun tó máa gbà ẹ́ ni ipa ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà. Ibo lo ti kọ ọ́? Tó bá jẹ́ Google Docs ni, ṣí ibi tó ń tọ́jú bí o ṣe ń yí i padà láti ọjọ́ kìíní, ó máa fi aago àti déètì hàn, ó máa fi hàn pé ọ̀rọ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, pé o kọ́kọ́ kọ ohun kan o wá pa á rẹ́. Èèyàn tó lọ da iṣẹ́ AI síbẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀ máa wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Nóòtì tó o fọwọ́ kọ ńkọ́? Yà á ní fọ́tò. Jọ́nà tó o wà jáde ńkọ́? Kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan. Má sì tún fọwọ́ kan fáìlì yẹn mọ́ títí o fi máa dé ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún un ṣe ni.

---

òǹkà_ọ̀rọ̀

Gbogbo ohun tí Tíṣà sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń ronú kún un, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ó lójú tó fi ń rí ẹni tó kọ nǹkan. Kò rí nǹkan kan jàre. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wò jù ni bóyá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé ara wọn jẹ́ èyí téèyàn lè sọ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá kọ ọ́ síbí pé "ilé ọba tó jó", ta ni ò mọ ohun tó kù láàárín wa? Bí AI ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù ló sábà máa ń mú, á tún mú èyí tó kàn. Torí náà bí ìwé bá ti ń lọ geere, tí gbólóhùn ẹ̀ gùn báákan náà, tí ò sí ọ̀rọ̀ tó yani lẹ́nu, ẹ̀rọ ayẹ̀wò á ní ẹ̀rọ ni.

Ẹ wá wo ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dá a lójú ló máa lò, gbólóhùn tí wọ́n kọ́ ọ ní iléèwé ló máa tẹ̀ lé, kò ní ṣeré kankan nínú ẹ̀ kó má bàa ṣi gírámà. Òun gan-an ni ẹ̀rọ máa mú. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà dán an wò ní 2023, wọ́n kó àròkọ 91 tí àwọn tó ń ṣe ìdánwò TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kì í ṣe èdè ìyá ẹ̀, kọ, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò méje. Ní àròpín, ìdá 61 nínú 100 ni wọ́n ní AI ló kọ ọ́. Méjìdínlógún wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ méjèèje fẹnu kò lé lórí! Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló sì kọ gbogbo ẹ̀. Ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé e, àwọn ọmọ kéékèèké iléèwé o, fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí èyí tí wọ́n nàka sí nínú ẹ̀.

Kódà ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ ní 1787, àwọn èèyàn fi sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó ní AI ló kọ ọ́ 😂

Èyí tó burú jù ni olùkọ́ tó tiẹ̀ lọ bi ChatGPT fúnra ẹ̀ léèrè. Ó ṣẹlẹ̀ ní Texas ní May 2023, ọ̀gbẹ́ni yẹn kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ó ń bi í pé ṣé ìwọ lo kọ èyí, òun náà ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì dá ìwé ẹ̀rí àwọn kan nínú wọn dúró ná. ChatGPT ò rántí ohun tó kọ fún ẹlòmíì. Ohun tó o bá fẹ́ gbọ́ ló ń sọ.

---

gbangba_làṣá_ń_ta

Ẹ ti ń gbèjà ẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó bi í léèrè. Onígègé, má bínú sí mi o. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ṣé AI ò fọwọ́ kan iṣẹ́ yẹn rárá rárá? Torí mo tún ohun tó o kọ kà lẹ́ẹ̀mejì, o ní "èmi ni mo kọ ọ́", kò síbi tó o ti sọ pé "mi ò lò ó". Wọ́n máa bi ẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ó sàn kí ahọ́n ẹ kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbí ju níwájú wọn lọ.

---

Onígègé22

Okay.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó kù bíi wákàtí mẹ́ta kí àkókò pé, mo da gbogbo iṣẹ́ náà sínú ChatGPT mo ní kó bá mi wo gírámà ẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ní lọ́kàn, mo búra. Ó dá a padà, mo rí i pé ó ti yí gbólóhùn mi padà níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn ún kà ju tèmi lọ, ó dà bí ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ ọ́, mo ní ẹ jẹ́ ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ìfáárà àti ìkádìí tí ọkàn mi ò gbà, mo ní kó bá mi sọ ọ́ di ti ọ̀mọ̀wé. Ìyẹn ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n èrò inú ẹ̀ tèmi ni!! Gbogbo àlàyé, gbogbo ìwé tí mo tọ́ka sí, èmi ni mo wá wọn. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní ojóró? Grammarly tó ń tún gírámà ṣe ńkọ́, tí gbogbo ayé ń lò? Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tó mọ̀wé tó ń bá a wo iṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́?

---

gbangba_làṣá_ń_ta

Ẹ ò rí nǹkan. Mo mọ̀.

---

Tíṣà_tó_ti_rẹ̀

Gbangba, rọra. Kò rọrùn láti jẹ́wọ́.

Àbúrò, ọ̀rọ̀ ti yí díẹ̀, mi ò ní tàn ẹ́. Ẹ̀rọ tó lè tún sípẹ́lì ṣe, tó lè sọ fún ẹ pé "níbí, ọ̀rọ̀ ìṣe ẹ ò bá olùwà mu", ọ̀pọ̀ olùkọ́ ò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé o fún un ní ìpínrọ̀ kan, òun fún ẹ ní òmíràn, o sì fi orúkọ ẹ sábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní gírámà. Ẹ̀gbọ́n tó mọ̀wé tó gba bírò lọ́wọ́ ẹ tó bá ẹ kọ ìkádìí, òun náà ṣe ohun tí ò tọ́. Lọ wo ìwé ìlànà kọ́ọ̀sì yẹn gan-an lónìí, kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ lápapọ̀ nìkan, torí lábẹ́ òrùlé kan náà olùkọ́ kan máa ní ẹ lò ó kẹ́ ẹ ṣáà sọ fún mi, ẹlòmíì máa ní òun ò gbọdọ̀ gbúròó ẹ̀. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan nípa AI síbẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó o lè sọ pẹ̀lú ìtẹríba.

Nature, jọ́nà sáyẹ́ǹsì yẹn, kéde ní January 2023 pé àwọn ò ní gba AI gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé sórí iṣẹ́ kankan. Ìdí tí wọ́n fún un ni mo fẹ́ kó o dì mú: òǹkọ̀wé ni ẹni tó lè dáhùn fún iṣẹ́ náà, AI ò sì lè dáhùn fún nǹkan kan. Nítorí náà ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé o lè dáhùn fún gbogbo ìlà tó wà nínú àròkọ yẹn? Jókòó lálẹ́ òní, kà á bíi pé ọ̀tá ẹ ló kọ ọ́. Ìlà tí ò bá yé ẹ, fàlà sí i. Ìwé tó bá wà nínú ìtọ́kasí tí o ò ṣí rí, tètè mọ̀ kí wọ́n tó mọ̀, torí AI a máa hùmọ̀ ìwé tí ò sí láyé, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún. Lọ́yà ni wọ́n o, àwọn tó yẹ kó mọ̀, kóòtù kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn ní June 2023 torí ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ tí wọ́n kó lọ síwájú adájọ́.

Kó o tó jókòó dáadáa níwájú wọn, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́. "Mo kọ ọ́ fúnra mi láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ẹ̀rí ẹ̀ nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn mo lo ChatGPT, ohun tí mo bi í àti ohun tó dá mi lóhùn nìyí." Ìjíròrò yẹn ṣì wà nínú àkáǹtì ẹ tí o ò bá tíì pa á rẹ́. Má pa á rẹ́! Tẹ̀ ẹ́ jáde.

---

ayé_ti_lọ

Èmi ò rí ohun tí ẹ ń fà gùn sí. Nígbà tí kakulétọ̀ dé, ariwo kan náà ni wọ́n pa. Àwọn iléèwé ìjọba New York fòfin de ChatGPT ní January 2023, nígbà tó máa fi di May wọ́n ti gbé òfin yẹn kúrò. International Baccalaureate, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iléèwé káàkiri ayé, tiẹ̀ ní àwọn ò ní dè é, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà sọ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ bó ṣe máa tọ́ka sí ìwé ẹlòmíì. Níbi iṣẹ́ gbogbo èèyàn ló ń lò ó. Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀.

---

kò_sùn_lóru

@ayé_ti_lọ kakulétọ̀ kì í purọ́ o. Tó bá ní méjì lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, mẹ́fà ni, kì í fi ohùn dídùn sọ pé méje.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, níbí tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ni mo ti lè sọ ọ́. Odidi sáà kan ni mo fi AI ṣe gbogbo iṣẹ́ kọ́ọ̀sì sítátísíìkì. Gbogbo ẹ̀. Mo máa ya ìbéèrè ní fọ́tò, ó máa gbé ìdáhùn jáde pẹ̀lú àlàyé, mo máa ka àlàyé yẹn, ó máa yé mi, mo máa ní ah ó rọrùn báyìí. Ibi tí ẹ̀tàn wà nìyẹn, ó yé mi lóòótọ́ nígbà tí mò ń kà á, bí ìgbà téèyàn ń wo ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ tó ń mi orí. Ìgbà tí wọ́n wá fi bírò àti bébà sílẹ̀ níwájú mi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo wo ìwé, ìwé ń wò mí. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kìíní. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o, mi ò mọ̀ ọ́n rí ni. Kò sẹ́ni tó mú mi, kò sí ìgbìmọ̀ kankan, mo kàn fìdí rẹmi, mo tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo rí ìwádìí kan tí àwọn ará Yunifásítì Pennsylvania ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì ní Tọ́kì, wọ́n sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan, ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tí wọ́n fún ní AI lásán, bíi ChatGPT tí gbogbo wa ń lò, ṣe dáadáa ju àwọn tí ò ní nǹkan kan lọ ní ìdá 48 nínú 100 nígbà tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́. Wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìdánwò. Wọ́n fi ìdá 17 rẹ̀yìn sí àwọn tí ò fojú kàn án rí. Ẹ̀yìn o! Kí wọ́n má tiẹ̀ lò ó rárá ì bá sàn. Àwọn kan tún wà tí wọ́n fún ní èyí tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ sọ ìdáhùn, kó kàn máa tọ́ wọn sọ́nà, àwọn yẹn ò kó sí irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń lò ó báyìí nìyẹn. Mo máa kọ́kọ́ ṣe é fúnra mi, mo máa wá ní kó bi mí ní ìbéèrè lórí ohun tí mo kọ, kó má tún un kọ fún mi.

Onígègé, ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní kíláàsì yẹn, má jowú ẹ̀.

---

òǹkà_ọ̀rọ̀

"Mo wo ìwé, ìwé ń wò mí" 😭😭 ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, láìlo AI pàápàá.

---

Onígègé22

Ẹ kú dídúró tì mí o. Mo ti dé láti ọ̀hún, mo ní kí n má sùn láì sọ bó ṣe lọ.

Àwọn mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Mo ṣe bí Tíṣà ṣe wí, mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi mí, ohùn mi ń gbọ̀n ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ tán. Mo fi fáìlì hàn wọ́n láti ọjọ́ kìíní, mo gbé ìjíròrò èmi àti ChatGPT kalẹ̀, àti nóòtì mi tí kọfí dà sí. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ 78 mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó yà mí lẹ́nu. Obìnrin àgbà tó wà láàárín wọn ló wá ní kí n ṣàlàyé ìpínrọ̀ kẹta. Mo ṣàlàyé ẹ̀ débi tí wọ́n fi ní ó ti tó. Ó ní kí n ṣàlàyé ìpínrọ̀ tó dá lórí àríyànjiyàn yẹn, mo tiẹ̀ bá a jiyàn díẹ̀ níbẹ̀, inú ẹ̀ dùn.

Ó wá ṣí ìkádìí. Ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí níbi tó o lò ó sí yìí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn bí ìgbà ogún, mo rò pé ó yé mi. Mo fàlà sí ọ̀pọ̀ ìlà bí Tíṣà ṣe ní kí n ṣe, mi ò fà á sí ìyẹn. Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́. Mo ní, mà, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi.

Wọ́n ní wọn ò ní kọ ọ́ sí ìwé mi pé mo jí iṣẹ́. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n ní kí n fi èyí tí mo kọ kí ilẹ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn tó ṣú ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, máàkì tí mo bá gbà níbẹ̀ wọ́n máa yọ díẹ̀ kúrò. Mo ti ń tún un kà. Gírámà ẹ̀ ṣe bákan ṣá.

---

gbangba_làṣá_ń_ta

O ṣe dáadáa, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wo ni?

---

Onígègé22

"Liminal". Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, mi ò sì ní lò ó láé.